Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin atọ́kùn ètò orin: Ẹ jẹ́ kí àwo àwọn obìnrin yí dé ìparí

Ẹ̀yin atọ́kùn ètò orin lórí rédíò nílẹ̀ Yorùbá, àti ẹ̀yin olóòtú tí ẹ ń bá wọn ṣa orin,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá ojoojúmọ́. Aránṣọ ni mí, Abẹ́òkúta ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Láti aago méje àárọ̀ tí mo bá ti ṣílẹ̀kùn títí di ìrọ̀lẹ́ tí a bá fi aṣọ bo máṣíìnì, ohùn yín la fi ń ṣiṣẹ́. Bí iná bá lọ, a ó ki bátìrì bọ rédíò, a kì í jẹ́ kó dákẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mọ bí ẹnìkọ̀ọ̀kan yín ṣe ń kí àwọn tó ń pè wọlé, wọ́n sì lè sín yín jẹ láìkù síbì kan. Ẹni yín ló ń kọ̀wé sí yín yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi etí ẹbí gbọ́ ọ.

Ohun tó fà á rèé. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ilé iṣẹ́ rédíò kan ṣe ètò lórí àwo orin mánigbàgbé mẹ́wàá. Wákàtí méjì gbáko ni wọ́n fi ṣe é, mo sì gbádùn rẹ̀. Wọ́n dárúkọ Haruna Ishola, wọ́n dárúkọ I.K. Dairo, Ebenezer Obey, Sunny Ade, Fela, Sikiru Ayinde Barrister. N ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyíkéyìí nínú wọn. Wọ́n tó bẹ́ẹ̀, wọ́n tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n ni mò ń fi ṣọ́ọ̀kì ìwọnṣọ kọ ọ́ sára tábìlì, nígbà tó sì pé mẹ́wàá, kò sí obìnrin kankan níbẹ̀. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Atọ́kùn náà kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ayé, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá mi lóhùn pé kí n má bínú, tó bá di Ọjọ́ Àwọn Ìyá, àwọn máa lu tiwọn náà.

Kò bú mi. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ó ṣe sọ ọ́ fi hàn pé oore ló rò pé òun ń ṣe, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó dùn mí wọ egungun.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni Ọjọ́ Àwọn Ìyá. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta, ọjọ́ àwọn obìnrin lágbàáyé, ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Lọ́jọ́ méjèèjì yìí, orin kan lẹ máa ń lù fún obìnrin kan, ìyẹn náà kì í sì í tán kí ìpolówó ọṣẹ tó bọ́ sí i. Ẹ kì í lu àwo. Ẹjọ́ tí mo gbé wá nìyẹn. Àwo ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó ní ibi tí akọrin ti sinmi tí onílù gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó ní ibi tó ti pa ohùn dà, ó sì ní orin ìkẹyìn tí wọ́n dìídì fi síbẹ̀ kó lè jẹ́ òun ni yóò kù létí èèyàn. Ẹni tó ra yáàdì márùn-ún, tó gé gèlè kan lára rẹ̀, tó da ìyókù sí kọ̀rọ̀, kò lè sọ pé òun ti rí aṣọ yẹn. Ohun tí a ń fi àwo àwọn obìnrin wa ṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ àwo. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wà, Ìyá Ìjẹ̀bú la máa ń pè é nítorí pé Ìjẹ̀bú-Igbó ló lọ́kọ sí. Aṣọ ló ń tà. Rédíógíráàmù rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, onípákó dídán, yàrá àlejò ló wà, ọmọdé kankan ò sì gbọdọ̀ gbé ife omi kọjá lẹ́bàá rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ gbé àwo sí i, á kọ́kọ́ nu ọwọ́ rẹ̀ lára ìró. Á wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì fa àwo náà yọ nínú páálí, láìfi ìka kan ojú rẹ̀, á fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, á sì rọra gbé e lé e bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tuntun. Nígbà tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà gbó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ó fi kọ́bọ̀ kan lé orí apá tó mú abẹ́rẹ́, kó lè tẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ìgbà tí wọ́n pín ẹrù rẹ̀ lẹ́yìn tó jáde láyé, wọ́n pín wúrà, wọ́n pín sányán àti àlàárì, wọ́n gbé páálí àwo sẹ́yìnkùlé pé kí wọ́n lọ dà á nù. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi. Àwo mẹ́tàlélógún ló wà nínú rẹ̀. Kọ́bọ̀ náà wà nísàlẹ̀ páálí.

Wákà lọ́pọ̀ nínú wọn. Ẹ̀yin náà mọ wákà, orin àwọn obìnrin mùsùlùmí wa, èyí tí wọ́n ń kọ níbi wòlímọ̀tù, níbi ìgbéyàwó, àti nígbà tí wọ́n bá lọ pàdé àwọn tó ti Mẹ́kà dé. Bátílì Àlàkẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ni obìnrin tó kọ́kọ́ gbé e wọnú àwo, Ìyá Ìjẹ̀bú sì máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ olórí ẹbí. Ṣùgbọ́n àwo tí páálí rẹ̀ gbó jù, èyí tí etí rẹ̀ ti fàya tí ó fi òwú dúdú gán, ni ti Sàláwà Àbẹ̀ní, èyí tó jáde ní 1976. Orúkọ Ọ̀gágun Murtala Ramat Mohammed ni wọ́n fi sọ àwo náà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí èyí díẹ̀. Ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976 ni wọ́n pa Murtala ní Èkó. Ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 1961 ni wọ́n bí Sàláwà. Ọmọ tí kò tíì ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, láti Ìjẹ̀bú Etí Omi, ló gbé orin tí àwọn èèyàn kà sí orin ìnáwó, tó fi sọ̀rọ̀ ikú olórí orílẹ̀-èdè. Kò yáwó ohùn àgbà. Ẹ óò gbọ́ ọ bí ohùn náà ṣe tín-ín-rín tó sì mú bí abẹ́rẹ́ tuntun, bí àwọn elégbè ṣe ń gbè é lẹ́yìn, tí ìlù ń rọ́ lábẹ́ wọn. Leader Records ló gbé e jáde, títà rẹ̀ sì kọjá mílíọ̀nù kan. Kò sí obìnrin kankan nídìí irú orin yẹn tí àwo rẹ̀ tà tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí Aláàfin Ọ̀yọ́, Ọba Làmídì Adéyẹmí, fi í jẹ Ayaba Wákà ní 1992, ó ti ń ṣe é bọ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Bí ẹ bá ń ka àwo tó sọ ìtàn orílẹ̀-èdè yìí, tí ẹ fo eléyìí, ojú ewé kan ti já kúrò nínú ìwé náà.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ bí àwọn obìnrin inú ṣọ́ọ̀bù mi ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ tí mo lù ú fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ojú kìíní. Ọmọ iṣẹ́ mi tó kéré jù, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló béèrè pé, "Màmá, ṣé òótọ́ ni pé ọmọdé bíi tèmi ló ń kọrin yìí?" Ó tún ní kí n gbé e padà. Mo gbé e padà.

Ti àwọn Lijadu ńkọ́? Níbí lọ̀rọ̀ mi ti pọ̀ jù, ẹ foríjì mí. Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu, ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, Jos ni wọ́n bí wọn sí ní oṣù kẹwàá ọdún 1948, Ìbàdàn ni wọ́n ti dàgbà. Àwo mẹ́rin ni wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn fún ilé iṣẹ́ àwo Afrodisia ní ọdún mẹ́rin: Danger ní 1976, Mother Africa ní 1977, Sunshine ní 1978, Horizon Unlimited ní 1979. Ẹ ka ọdún yẹn dáadáa. Lọ́dún kan náà tí Sàláwà gbé wákà rẹ̀ jáde, àwọn ìbejì yìí ń da orin rọ́ọ̀kì, orin ìjó òyìnbó aláwọ̀ dúdú àti ìlù tiwa pọ̀ mọ́ra. Àwọn fúnra wọn ló ń kọ orin wọn sílẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀yìn ọkùnrin olórí ẹgbẹ́ ni wọ́n máa ń to àwọn obìnrin sí láti gbè.

Danger wà nínú páálí Ìyá Ìjẹ̀bú, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó lọ kàwé nílùú Ìbàdàn ló rà á. Ìgbà tó dọ́wọ́ mi, èébu funfun ti hù sí i lójú. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ díẹ̀ àti òwú rírọ̀ ni mo fi fọ̀ ọ́, mò ń tẹ̀ lé ojú ìlà rẹ̀ yípo, n ò dá a kọjá, bí a ṣe máa ń fi àyọ́ọ̀nù tẹ̀ lé ojú okùn léèsì. Nígbà tó gbẹ tí mo gbé e sí i, ohun àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ni pé n ò lè mọ èyí tó ń kọrin nínú àwọn méjèèjì. Ohùn wọn wọnú ara wọn tó fi di ohùn kan tó ní òjìji. Nígbà tó bá yá, ọ̀kan á yà díẹ̀ sókè, èkejì á dúró síbi tó wà, wọ́n á tún pàdé. Ẹni tó bá ti gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbejì rí mọ ohun tí mò ń sọ. Biddy Wright tó mọ onírúurú ohun èlò lù wà pẹ̀lú wọn, dùùrù àti gìtá rẹ̀ ń dún kíkan bí epo tó ń ta nínú agbada.

Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò rọ̀. Orin kan wà níbẹ̀ lórí àmẹ́bọ̀, orin kan wà lórí àwọn tó ń kówó jẹ tí ará ìlú kò sì rí nǹkan kan. Èyí tí wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní Life's Gone Down Low ni ọ̀dọ́ púpọ̀ ti gbọ́ láìmọ ẹni tó ni ín, torí pé Nas, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń kọ orin ráàpù, ti gbé e sábẹ́ orin tirẹ̀. Lórí Mother Africa ẹ óò gbọ́ Ìyá Mi Jọ̀wọ́, tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé jáde nígbà tí wọn ò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún dáadáa. Horizon Unlimited ni mo fẹ́ràn jù. Yorùbá inú rẹ̀ jinlẹ̀, ìlù rẹ̀ sì yá, Gbowó Mi kì í jẹ́ kí n jókòó, ẹsẹ̀ mi á ti kúrò lórí pẹ́dààlì máṣíìnì.

Ẹ wò ó, ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀n ló ya fọ́tò ránṣẹ́ sí mi láti ṣọ́ọ̀bù àwo kan lọ́hùn-ún. Horizon Unlimited tuntun, tí ilé iṣẹ́ kan ní Chicago, Numero Group, tún tẹ̀ jáde ní 2024, wà lójú fèrèsé níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti lè rí i. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Màmá, ṣé àwọn tí ẹ máa ń sọ nìyí?" Inú mi dùn, omi sì bọ́ lójú mi. Kẹ́hìndé ti lọ. Ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 2019 ló kú ní New York, níbi tí òun àti ìkejì rẹ̀ ti tẹ̀dó láti ìparí àwọn ọdún 1980, lẹ́yìn tí wọ́n bá Sunny Ade rìnrìn àjò lọ ṣeré ní Amẹ́ríkà. Táíwò nìkan ló rí i tí àwo náà padà dé. Àwọn ará Chicago ṣe ohun tó dáa, n ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń gbọ́ rédíò láti àárọ̀ dalẹ́ ní Abẹ́òkúta, n ò gbọ́ ọ kí wọ́n ní orin kan láti inú àwo yẹn rèé, lọ́dún tó tún jáde tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Ti Christy Essien-Igbokwe, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n dáadáa, ìyẹn ni pé ẹ mọ Ṣeun Rere. Gbogbo Ọjọ́ Àwọn Ìyá lẹ máa ń lù ú. N ò ní kí ẹ má lù ú mọ́. Ohun tí ẹ kì í sọ fún wa ni pé Yorùbá kọ́ ni obìnrin yìí. Akwa Ibom ni ìran rẹ̀, ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlá, àti pé ọmọ tí kò ní ìyá mọ́ ló fi èdè tí kì í ṣe ti ilé baba rẹ̀ gba àwọn ọmọ wa níyànjú pé kí wọ́n gbọ́ràn sí bàbá àti ìyá wọn lẹ́nu. Nígbà tí mo mọ èyí, orin tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré yí padà mọ́ mi létí. Orúkọ àwo tó wà nínú rẹ̀ ni Ever Liked My Person? Ó jáde ní 1981, Lemmy Jackson ló bójú tó ìgbàsílẹ̀ rẹ̀. Ta ni nínú yín ló ti lu orin mìíràn láti inú rẹ̀ fún wa rí? Obìnrin yìí náà ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn olórin, PMAN. Ó kú ní oṣù kẹfà ọdún 2011.

Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe fi Smooth Operator nìkan há Sade Adu mọ́ra. Ọmọ wa ni Fọláṣadé. Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí ní 1959, ará Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni bàbá rẹ̀, òyìnbó nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, ìyá náà ló gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kékeré. Kí ó tó di olórin, aṣọ ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán rẹ̀ tí wọ́n sì ń rán an, nílé ẹ̀kọ́ Saint Martin's ní Lọ́ńdọ̀n. Ẹ má bínú pé mo dúró níbẹ̀, ẹgbẹ́ mi ni. Mo máa ń gbọ́ iṣẹ́ aránṣọ nínú Diamond Life, àwo àkọ́kọ́ tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1984. Kò sí òwú tó kọjá ààlà níbẹ̀. Bí Stuart Matthewman bá fẹ́ fọn fèrè, ààyè wà fún un. Báàsì Paul Denman ń rìn ní tirẹ̀. Dùùrù Andrew Hale á kàn fi ìka kan nǹkan, á ká ọwọ́ kò. Sade fúnra rẹ̀ kò pariwo rí. Ibi tí ẹlòmíràn á ti lọgun, ṣe ló máa rẹ ohùn sílẹ̀, tí ìwọ tí ò ń gbọ́ á na ọrùn sí i.

Orin mẹ́sàn-án ló wà nínú àwo yẹn. Smooth Operator ni àkọ́kọ́. Ẹni tó bá pa á níbẹ̀ kò ní dé ibi tí orin ìparí ojú kìíní ti ń béèrè pé ìgbà wo lòun máa tó rí oúnjẹ òòjọ́. Èyí ni orin tó yẹ kí gbogbo ọmọ iṣẹ́ àti gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ gbọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kò ní dé Sally lójú kejì, bẹ́ẹ̀ ni kò ní dé orin kẹsàn-án, orin Timmy Thomas tí Sade tún kọ, tó ń bi aráyé pé kí ló dé tí a ò lè jọ gbé. Wọ́n ta ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ nínú àwo náà káàkiri ayé. Àwọn tó rà á kò rà á tìtorí orin kan.

N ò fẹ́ kí lẹ́tà yìí gùn ju bó ṣe yẹ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sáré kọjá àwọn kan tí mo lè fi ọjọ́ kan sọ̀rọ̀ wọn. Oládùnní Decency gbé gìtá kọ́rùn, ó sì ṣáájú ẹgbẹ́ jùjú nígbà tí àwọn èèyàn gbà pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Comfort Ọmọgẹ́ gbé aṣíkò Ìkálẹ̀ wọnú àwo, ẹni tó bá jẹ́ ará Oǹdó mọ bí ìyẹn ṣe tó. Bọ́lá Àrẹ àti àwọn akọrin rẹ̀ ni ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ètò ìyìn láàárọ̀ Sunday ṣì ń jẹ nínú oko wọn. Angélique Kidjo, ọmọ Ouidah ní Benin, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, pe àwo rẹ̀ ti 1994 ní Ayé, èdè wa sì wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èdè Fọ̀n, orin kan wà fún Yemọja. Wọ́n ṣe apá kan rẹ̀ lẹ́bàá Minneapolis ní Amẹ́ríkà, nínú ilé ìgbàsílẹ̀ orin Prince. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni obìnrin yìí ti gba Grammy. Ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ouidah kò jìn tó ọ̀nà Kano. Kí ló dé tí a fi ń gbọ́ ọ bí àlejò?

Òkè òkun náà wà ńbẹ̀. Clara Nunes, ọmọ Brazil, kọ orin nípa àwọn òrìṣà wa nínú àwo rẹ̀ Claridade ní 1975. Sáḿbà ni. Orin náà ń bi Ọya léèrè pé Ògún dà, wọ́n dá a lóhùn pé ó ti lọ sókun. Ọmọ mi ló fi í hàn mí lórí fóònù. Mi ò gbọ́ èdè Potogí rárá, síbẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ orúkọ Ògún lẹ́nu rẹ̀, mo gbé aṣọ tí mò ń gán sílẹ̀. Ogójì ọdún péré ni Clara lò láyé, ó kú ní 1983. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ètò àṣà àti ìṣe, wákàtí kan tó ti sè tán lẹ jókòó tì yẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe sọ pé ayé àtijọ́ ni mò ń ṣàárò. Àwo àkọ́kọ́ Aṣa jáde ní 2007, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tó dàgbà jù rántí rẹ̀. Cobhams Asuquo ló bójú tó o, ẹni tí kò fojú ríran tó sì ń fi etí rí ohun tí àwa kò rí. Ẹ máa ń lu Jailer. Ẹ lu ú títí ẹ ó fi dé Ẹyẹ Àdàbà, kí ẹ sì gbọ́ bó ṣe mú orin tí àwa kọ láàárọ̀ nílé ìwé, tó fi gìtá wọ́ọ́rọ́wọ́ gbé e, tí kò yí ọ̀rọ̀ ìyá wa padà sí nǹkan mìíràn kí àwọn ará Faransé lè gbọ́ ọ. Wọ́n gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn orin tiwọn, Prix Constantin, ní 2008.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní àwọn àwo yìí ṣòro rí. Òótọ́ ni fún díẹ̀ nínú wọn. Púpọ̀ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, ọmọ iṣẹ́ mi sì rí mẹ́rin nínú wọn láàárín ìgbà tí mo fi ṣẹ́ etí búbà kan. Ẹ máa ní àwọn onígbọ̀wọ́ fẹ́ orin tó ń gbóná. Onígbọ̀wọ́ tó ń polówó ọṣẹ, òróró àti máàgì, àwa obìnrin ló ń bá tajà. Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n kórìíra kí a jókòó ti rédíò fún wákàtí kan láìdìde. Ẹ sì má gbàgbé pé òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà tí orílẹ̀-èdè yìí ṣe ní 2022 wà, owó tọ́ sí ẹni tí ẹ bá lu àwo rẹ̀ tàbí àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀. Orin kan láàárín ọdún kan, eélòó ló fẹ́ mú wá fún ẹnikẹ́ni?

Nítorí náà ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kò ju wákàtí kan lọ lọ́sẹ̀. Ẹ mú àwo kan, àwo obìnrin. Ẹ sọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ọdún tó jáde, àwọn tó lùlù àti àwọn tó gbè é. Ẹ lu ojú kìíní tán. Kí ìpolówó wọlé lákòókò yẹn, níbi tí àwa máa ń ti dìde lọ yí àwo padà láyé ìgbà kan. Lẹ́yìn náà, ẹ lu ojú kejì, ẹ má sì sọ̀rọ̀ lé orin ìkẹyìn lórí. Ẹ má pè é ní ètò àwọn obìnrin. Ètò àwo ni kí ẹ pè é, bí ẹ ṣe máa ń pe ti Obey àti ti Barrister, ọjọ́ Túsìdé lásán ni kó sì bọ́ sí, kó má jẹ́ ọjọ́ àjọ̀dún kankan.

Nínú àwo mẹ́tàlélógún Ìyá Ìjẹ̀bú, oòrùn ti ká méje kò. Mẹ́rìndínlógún ń dún, mo ti fọ gbogbo wọn, mo sì ti rán àpò tuntun fún èyí tí páálí rẹ̀ ti jẹrà. Ilé iṣẹ́ rédíò tó bá fẹ́ yá wọn, n ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Èmi fúnra mi ni mo máa gbé wọn wá, n ò ní fi rán ọmọ iṣẹ́, màá sì jókòó síta dè yín títí ẹ ó fi lù ú tán. Bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ yín bá ń fò, kọ́bọ̀ Ìyá Ìjẹ̀bú ń bẹ nínú àpò mi.

Èmi ni tiyín,
Aránṣọ kan tó ń gbọ́ yín láti àárọ̀ dalẹ́,
Abẹ́òkúta.